Bí Ọlọ́sìn Adìyẹ Òṣogbo Ṣe Lè La Ìgbà Àjàkálẹ̀ Àrùn Já

Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, tí wọ́n sì ti àwọn ẹnubodè ìpínlẹ̀ náà pa nítorí àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn adìyẹ ló ń bẹ̀rù pé àìsàn ni yóò wọ ọgbà wọn. Kì í ṣe àìsàn ló wọlé. Ọkọ̀ tó ń kó àgbàdo bọ̀ láti òkè Ọya ló ń pẹ́ lójú ọ̀nà, àwọn alájàpá tó máa ń wá kó ẹyin ní kùtùkùtù kò sì yọjú mọ́. Adìyẹ ní tirẹ̀ kò gbọ́ òfin ìjọba: ó jẹun láàárọ̀, ó yé ẹyin kí oòrùn tó kan àtàrí, ó sì tún ń wo ọwọ́ olówó rẹ̀ fún ti ọjọ́ kejì. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Ẹni tó ń sin adìyẹ ni mo kọ ìlànà yìí fún, ìbáà jẹ́ 200 ló ní lẹ́yìnkùlé ní Ọ̀fatẹ̀dó, ìbáà jẹ́ 4,000 ló kọ́ ilé fún lójú ọ̀nà Ìkìrun. Gbogbo rẹ̀ dá lórí ìṣirò méjì tó yẹ kó wà lórí ògiri yàrá tí ẹ ń kó oúnjẹ adìyẹ sí. Àkọ́kọ́ ni iye ọjọ́ tí oúnjẹ tó wà nílẹ̀ yóò gbé àwọn adìyẹ yín. Èkejì ni iye ọjọ́ tí ẹyin wọn lè dúró kó tó bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ iye méjèèjì yìí yóò mọ ìgbà tó yẹ kó tà, ìgbà tó yẹ kó dín adìyẹ kù, àti ìgbà tí kò yẹ kó ra òròmọdìyẹ tuntun. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìbẹ̀rù ni yóò máa darí rẹ̀.

Ọjọ́ tí oúnjẹ yóò gbé yín

Adìyẹ ẹlẹ́yin kan tó ti dàgbà máa ń jẹ gíráàmù 110 sí 120 lóòjọ́. Ẹni tó ní 1,000 adìyẹ nílò kílò 110 sí 120 lójúmọ́, èyí tó jẹ́ báàgì oníkílò 25 mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún. Bí báàgì 50 bá wà nílẹ̀, kò lè ju ọjọ́ mẹ́wàá sí mọ́kànlá lọ. Kí a má ṣe retí pé ìjọba yóò kéde ìséde kó sì fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ká fi múra, nítorí pé ní ọdún 2020 ọjọ́ díẹ̀ péré ló wà láàárín ìkéde àti ìgbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ìròyìn àrùn tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí rédíò, kódà bó jẹ́ ìlú òkèèrè ló ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà náà ló yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi báàgì díẹ̀díẹ̀ kún ohun tó wà nílẹ̀, títí tí yóò fi tó ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Èrò tèmi ni pé àgbàdo odidi àti àwọn èròjà yòókù ló yẹ kí ẹ kó pa mọ́, kì í ṣe oúnjẹ tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n sì ti pò tán. Oúnjẹ tí a ti lọ̀ máa ń tètè gba ọ̀rinrin, ó máa ń bu, agbára fítámì inú rẹ̀ sì máa ń dín kù. Ẹ máa gbé ti ọ̀sẹ̀ kan lọ sí ẹ̀rọ ìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ tó kó àgbàdo pamọ́, ẹ fi eyín gé ẹyọ kan wò: èyí tó gbẹ dáadáa yóò fọ́ pẹ̀lú ìró, èyí tó ṣì ní omi yóò rọ̀ lábẹ́ eyín. Omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 13 nínú 100 lọ. Àgbàdo tó ti bu ní májèlé kan nínú tí kì í lọ bí a tilẹ̀ sá a sóòrùn, ó ń ba ẹ̀dọ̀ adìyẹ jẹ́, ó sì ń dín ẹyin kù láìjẹ́ pé ẹ rí òkú adìyẹ kan tí ẹ ó fi fura. Ẹ gbé àwọn báàgì lé orí pákó, kí wọ́n má kan ilẹ̀, kí wọ́n má sì fara ti ògiri.

Bí ọjọ́ tí oúnjẹ yóò gbé yín bá ti kù sí méje, tí kò sì sí ìròyìn pé ọkọ̀ ń bọ̀, ìpinnu tó le ti dé nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọn a dín oúnjẹ gbogbo adìyẹ kù sí ìdajì, kí ó lè pẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún èyí pátápátá. Ebi yóò mú kí wọ́n dá ẹyin dúró, ìyẹ́ wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í re, wọn yóò máa ṣá ara wọn jẹ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dé, àwọn tó lágbára yóò sì gba oúnjẹ mọ́ àwọn aláìlágbára lọ́wọ́. Nígbà tí oúnjẹ bá dé padà, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọn yóò lò kí wọ́n tó padà sí bí wọ́n ṣe ń yé tẹ́lẹ̀. Ohun tó sàn jù ni kí àwọn adìyẹ dín kù, kí àwọn tó ṣẹ́kù sì máa jẹ yó.

Èwo ni ká wá mú kúrò? Ẹ wọ ilé adìyẹ ní alẹ́ tàbí ní ìdájí, nígbà tí wọ́n bá dákẹ́, pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì tí kò mọ́lẹ̀ jù. Ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ogbe orí wọn: ti èyí tó ń yé pupa, ó sì rọ̀, ti èyí tó ti dáwọ́ dúró sì ti hun, ó ti sọ pupa nù. Ẹ fọwọ́ kan egungun méjì tó yọrí sábẹ́ ìdí rẹ̀. Bí ìka ọwọ́ yín méjì tàbí mẹ́ta bá gba àárín wọn, adìyẹ náà ń yé, ṣùgbọ́n bí ìka kan ṣoṣo bá ṣòro láti gbà, kò yé mọ́. Ihò ìdí èyí tó ń yé máa ń fẹ̀, omi a sì wà lára rẹ̀, nígbà tí ti èyí tí kò yé máa ń fún, a sì gbẹ. Àmì kẹrin ni pé ẹsẹ̀ àti àgógó adìyẹ tó ti ń yé fún ọ̀pọ̀ oṣù máa ń funfun, nítorí pé àwọ̀ ìyeyè tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti bá pupa ẹyin lọ. Adìyẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tàn bí ìyeyè láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn ti funfun, ọ̀lẹ ni. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tà. Lẹ́yìn rẹ̀, bí ó bá ṣì pọn dandan, ó kan àwọn tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 72, nítorí pé ohun tí wọ́n ń jẹ kò dín kù bí ẹyin wọn ṣe ń dín kù.

Ẹ má ṣe gbàgbé omi. Adìyẹ máa ń mu ìlọ́po méjì ohun tó ń jẹ, èyí tó fi hàn pé 1,000 adìyẹ kò lè mu kéré sí lítà 220 sí 240 lóòjọ́, ó sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa ní oṣù kẹta àti kẹrin tí ooru ń mú ní Òṣogbo. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀rọ amúnáwá ló fi ń fa omi láti inú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ka epo bẹntiróòlù mọ́ oúnjẹ adìyẹ, kó sì ní garawa àti okùn tó lè dé ìsàlẹ̀ kànga ní ìpamọ́.

Nígbà tí àgbàdo bá wọ́n tàbí tí kò sí

Àgbàdo ló máa ń kó nǹkan bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oúnjẹ adìyẹ ẹlẹ́yin, nítorí náà òun ni àìtó rẹ̀ ń dunni jù. Ọkà bàbà ló sún mọ́ ọn jù lọ nínú ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀, ẹ sì lè fi dípò ìdajì àgbàdo náà láìsí ewu tó pọ̀. Ẹ wá èyí tó funfun, nítorí pé èyí tó pupa gan-an ní ohun kíkorò kan tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ ṣe adìyẹ láǹfààní tó bó ṣe yẹ.

Ohun tó wà nítòsí wa jù ni èèpo ẹ̀gẹ́. Ní àwọn abúlé tí wọ́n ti ń yan gàrí yí Òṣogbo ká, òkìtì rẹ̀ ni wọ́n ń dà sínú igbó, tó ń rùn. Àwọn onímọ̀ ní ILRI, ilé ìwádìí àgbáyé lórí ẹran ọ̀sìn tó ní ẹ̀ka nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, ti fi hàn bí a ṣe lè sọ ọ́ di oúnjẹ ẹran tó dára, irinṣẹ́ tí àwọn onígàrí ní náà ló sì tó fún un. Ẹ gba èèpo ọjọ́ náà, kì í ṣe ti àná. Ẹ rin ín lórí ẹ̀rọ ìringàrí, ẹ dì í sínú àpò, ẹ fi jáàkì fún omi rẹ̀ dànù, ẹ tú u, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá nínú oòrùn kíkan tàbí kí ẹ yan án nínú agbada. Rírin àti fífún yìí ló ń dín májèlé inú ẹ̀gẹ́ kù, nítorí náà ẹ má ṣe fò ó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kílò 10 nínú gbogbo kílò 100 oúnjẹ, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ kan mú un wọlé díẹ̀díẹ̀, nítorí pé adìyẹ kì í fẹ́ràn ìyípadà òjijì. Èèpo ẹ̀gẹ́ kò ní ohun tó ń mú ara dàgbà tó ti àgbàdo, nítorí bẹ́ẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ fi sóyà tàbí èèrí ẹ̀pà kún un. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé pupa ẹyin kò ní pọ́n tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ máa ju ewé tẹ̀tẹ̀ tàbí ewé ẹ̀fọ́ mìíràn tó tutù yọ̀yọ̀ fún wọn, yóò padà pọ́n.

Sóyà tí ẹ bá rà ní odidi, ẹ yan án kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Sóyà tútù máa ń dí ikùn adìyẹ lọ́wọ́ láti lo oúnjẹ, owó yín yóò sì gba ìdí wọn jáde. Ní ti ìkarahun lílọ̀, egungun lílọ̀, iyọ̀ àti àpòpọ̀ fítámì, àwọn wọ̀nyí ni mo máa ń rí tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń yọ kúrò nígbà tí owó bá há, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n kéré lówó jù. Ẹyin adìyẹ tí kò rí ìkarahun jẹ yóò fọ́ nínú kíréètì kó tó dé ọjà Ìgbọ̀nà.

Ẹyin tí kò rí ẹni rà á

Ẹ jẹ́ ká lo 1,000 adìyẹ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí 800 nínú wọn bá yé lójúmọ́, kíréètì 26 àti ẹyin 20 nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kan, ó ti lé ní kíréètì 186. Ẹni tí kò bá ta ẹyin fún ọ̀sẹ̀ méjì yóò ní ohun tó lé ní 370 kíréètì nílẹ̀, nínú ooru, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó ń wá owó oṣù.

Ẹyin tútù lè lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn kò sì dé, kó ṣì dára, bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ẹ máa kó o lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kí ó má bàa pẹ́ nínú ilé adìyẹ. Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́, nítorí pé ohun kan bò ó lára nígbà tó bá jáde tó ń dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú èèpo rẹ̀. Èyí tó bá dọ̀tí, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ẹ sì kọ́kọ́ tà á. Ẹ to gbogbo wọn kí ìdí tó ṣóńṣó wà nísàlẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ sí ara kíréètì, kí èyí tó kọ́kọ́ wọlé máa kọ́kọ́ jáde, nítorí pé ọmọ iṣẹ́ a máa gbé èyí tó wà lókè, ti ìsàlẹ̀ a sì máa pẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i pé ọ̀sẹ̀ méjì kò ní tó, ẹ fi òróró jíjẹ tó mọ́ ra ẹyin náà fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n yé e. Yóò fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kún ọjọ́ tí yóò lò. Ẹyin tó bá léfòó nínú omi, ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ìpamọ́ kì í ṣe ọjà. Ìṣòro ọdún 2020 ni pé ibi tí ẹyin Òṣogbo ń lọ ti pa lẹ́ẹ̀kan náà: hòtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ, àwọn aṣebúrẹ́dì tó dín iṣẹ́ kù, àwọn ìyá oníndómì tó yí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ká, àti ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ ilé-ìwé tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń ṣe ṣáájú kí ìjọba àpapọ̀ tó sọ ọ́ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 2016. Àwọn èèyàn tó ń jẹ ẹyin náà kò kú, wọn kò sì lọ sí ìlú mìíràn. Inú ilé wọn ni wọ́n wà. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ta ẹyin nígbà ìséde gbọ́dọ̀ kúrò nídìí ẹni tó ń ra 100 kíréètì, kó máa wá ẹni tó ń ra ìdajì kíréètì.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ bá alága ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò bíi Òkè-Fìà, Àlẹ́kúwodò, Àyétòrò tàbí Òkè Baálẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó fi iye owó ẹyin yín sórí WhatsApp ẹgbẹ́ náà, kí àwọn tó bá fẹ́ sì kọ orúkọ àti iye tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ tí ìjọba gbà pé kí èèyàn jáde. Ẹ kó gbogbo ti àdúgbò kan sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá kan, ẹ já a sílẹ̀ ní ilé ẹni kan tí gbogbo wọn mọ̀, kí wọ́n sì san owó sí àpò ilé ìfowópamọ́ kí ẹyin tó kúrò ní ọgbà. Ẹ bá àwọn ìjọ àti mọ́ṣáláṣí tó ń pín oúnjẹ fún aláìní sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Àpò ìrẹsì àti ẹyin mẹ́wàá sàn ju àpò ìrẹsì nìkan lọ. Èyí gba wàhálà ju kí alájàpá wá kó gbogbo rẹ̀ lọ, mo gbà, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ ni. Lójú tèmi, àwìn ló ń ti ọgbà adìyẹ pa ní ìlú yìí ju àìsàn lọ, ìgbà ìséde sì ni àwìn máa ń dùn ún bẹ̀bẹ̀ jù.

Iye wo ni kí a tà á, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń já owó ẹyin walẹ̀? Ẹ fi oúnjẹ wọ̀n ọ́n. Bí 800 bá ń yé nínú 1,000, kíréètì ẹyin kan ti jẹ oúnjẹ tó lé díẹ̀ ní kílò mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ 600 ló ń yé, kíréètì kan náà ti jẹ kílò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́fà. Ẹ fi owó kílò oúnjẹ kan ṣe ìlọ́po rẹ̀. Iye yẹn ni ẹ kò gbọ́dọ̀ tà lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó pọ̀, kí a tó tilẹ̀ sọ ti òṣìṣẹ́ àti oògùn. Tí owó ọjà bá ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí kò sì fẹ́ gòkè, adìyẹ gan-an ni kí ẹ tà.

Bíróílà kò ní sùúrù

Ẹyin lè dúró, bíróílà, adìyẹ tí a ń sìn fún ẹran, kò lè dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ti tó tà, lẹ́yìn ìyẹn owó ohun tó ń jẹ á máa ju owó ohun tó ń fi kún ara lọ. Ní ọdún 2020, ọdún Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ sì bọ́ sí ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, tí ó jẹ́ pé méjèèjì ṣubú sínú ìgbà tí ìpéjọpọ̀ kò sí. Ẹni tó sin bíróílà de ọdún ní láti pa á, kó gé e sí wẹ́wẹ́, kó sì tà á ní kílò kílò fún àwọn ìdílé tí kò lè ra odidi. Iná mànàmáná kò ṣe é fọkàn tán fún fírísà, nítorí náà ẹ má ṣe pa ju ohun tí ẹ ti gba owó rẹ̀ lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ yan án gbẹ lórí iná bí ẹni yan ẹja. Bí ìròyìn àrùn bá sì bá yín nígbà tí ẹ fẹ́ gba òròmọdìyẹ bíróílà láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ẹ fi sílẹ̀, kódà bí owó àsansílẹ̀ bá ti bọ́ sọ́wọ́ wọn.

Àìsàn àti àjẹsára

Àwọn oníbàárà yóò bi yín bóyá adìyẹ ń kó àrùn náà ran èèyàn. Ní ti Kòrónà, ìdáhùn wà: ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Friedrich-Loeffler-Institut ní Jámánì fi kòkòrò àrùn náà sí àwọn adìyẹ lára, wọn kò sì kó o. Ẹ fi sùúrù sọ ọ́ fún wọn. Àìsàn ẹyẹ tó ń jẹ́ H5N1, tí wọ́n kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ní oṣù kejì ọdún 2006, yàtọ̀ gédégbé. Ìyẹn ń pa adìyẹ, ó sì lè ran èèyàn, bí òkú bá sì ṣàdédé pọ̀ nínú ọgbà yín, ẹ má ṣe tà, ẹ má ṣe jẹ, ẹ pe dókítà ẹran ti ìjọba.

Ewu tó súnmọ́ wa jù nígbà ìséde ni lùkúlùkú, àìsàn adìyẹ tí òyìnbó ń pè ní Newcastle. Púpọ̀ nínú àjẹsára tí a ń lò ń wá láti ilé iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, nítòsí Jos, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú otútù tó jẹ́ ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius láti ibẹ̀ dé ọwọ́ yín. Ọkọ̀ tó bá sùn sójú ọ̀nà nítorí ìséde lè gbé ìgò tó ti kú dé, ojú kò sì lè fi mọ̀ ọ́n. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bí yìnyín ṣì wà nínú kúlà nígbà tó gbà á. Ìgò àjẹsára kan máa ń tó fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún adìyẹ, nítorí náà ẹ̀yin aládùúgbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè ra ọ̀kan, kí ẹ sì fún adìyẹ yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà. Omi kànga tó mọ́ ni kí ẹ fi pò ó, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kẹ́míkà sí. Kí wọ́n mu ún tán láàárín wákàtí méjì.

Bí àjẹsára kò bá sí, ẹnu ọ̀nà ni ó kù. Ìgbà ìséde rọrùn fún èyí, nítorí pé àlejò dín kù, kò sì sí ẹni tí yóò bínú pé ẹ ní kó dúró síta. Kí oníbàárà máa gba ẹyin lẹ́nu géètì. Kíréètì bébà tó ti dé ọjà kò gbọ́dọ̀ padà wọlé; oníke ni kí ẹ lò, kí ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi oògùn apakòkòrò, kí ẹ sá a sóòrùn. Ẹ gbé abọ́ omi ìzáàlì sí ẹnu ilé adìyẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé omi tó ti kún fún ẹrẹ̀ kò pa nǹkan kan. Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ máa da oògùn apakòkòrò-àìsàn tí òyìnbó ń pè ní antibiotic sínú omi mímu adìyẹ lásán, kí ọkàn lè balẹ̀. Kì í pa lùkúlùkú, ó ń wọ inú ẹyin, ẹ kò sì gbọdọ̀ ta ẹyin náà títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára oògùn yóò fi pé.

Ọ̀nà àti òṣìṣẹ́

Ìjọba àpapọ̀ yọ oúnjẹ àti ohun èlò ọ̀gbìn kúrò nínú ohun tí ìséde ọdún 2020 dè. Lójú ọ̀nà, ohun tí awakọ̀ lè fi hàn ló ń ṣiṣẹ́. Kí ó mú ìwé ẹrù tó sọ ohun tó gbé, ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn olùsìn adìyẹ, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó ní ẹrù tí yóò gbé ìpè. Kí ó ṣírò àkókò rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé láti ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún yẹn, aago mẹ́jọ alẹ́ ni òfin má-jàáde-lálẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹni tí kò tíì wọ ẹgbẹ́ kó tó di ìgbà wàhálà kò lè rí lẹ́tà gbà ní ọjọ́ tó nílò rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ló tún lè gba odidi ọkọ̀ àgbàdo kan, kí ọlọ́sìn mẹ́wàá sì pín in.

Òṣìṣẹ́ tó ń wọ ọkọ̀ kọrọ́pẹ̀ wá láti Ẹ̀dẹ tàbí Ìlobùú lójoojúmọ́ kò ní lè wá. Ẹ ṣètò kí ó kéré tán ẹni méjì máa sùn nínú ọgbà, kí wọ́n ní yàrá, ohun èlò ìdáná àti oúnjẹ oṣù kan. Ẹni méjì ni mo sọ, kì í ṣe ẹnì kan, nítorí pé bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, adìyẹ kò lè gbọ́ bùkátà ara wọn. Ẹ kọ́ ọmọ yín tó ti ilé-ìwé wálé ní bí wọ́n ṣe ń fún wọn lóúnjẹ.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí ọ̀nà

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ṣubú nìyí. Wọ́n gba oṣù kẹrin àti karùn-ún kọjá, wọ́n gbọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2020 pé ìrìn láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ti di ọ̀fẹ́, wọ́n sì yára kún ilé adìyẹ wọn bámúbámú. Ní ọjọ́ 13 oṣù kan náà, ilé ìfowópamọ́ àgbà orílẹ̀-èdè wa, CBN, dá títa owó ilẹ̀ òkèèrè fún ìkówọlé àgbàdo dúró. Àgbàdo gbówó lórí débi pé nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án, ìjọba àpapọ̀ ní láti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kó tọ́ọ̀nù 30,000 jáde láti inú àká ìjọba fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ẹran. Ẹni tó jẹ gbèsè ra adìyẹ ní oṣù keje ń wá ẹni tí yóò rà á ní oṣù kẹwàá.

Nítorí náà, bí ọ̀nà bá ṣí, àgbàdo ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, òròmọdìyẹ tẹ̀ lé e. Àgbàdo tí wọ́n kó ní òpin ọdún, lẹ́yìn òjò kejì, ló máa ń gbẹ dáadáa, ó sì máa ń dínwó ní àsìkò náà. Ẹ rọ ọ́ sínú àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, níbi tí kòkòrò ti ń kú láìsí oògùn, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù bí ẹ bá so ẹnu rẹ̀ pinpin tí eku kò sì dé ibẹ̀. Owó tí ẹ ó fi rà á lè wá láti inú àjọ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti láti inú ìgbẹ́ adìyẹ tí ẹ ti kó jọ nígbà ìséde, èyí tí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò Ọ̀ṣun yóò rà ní àpò àpò. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti yá owó ilé ìfowópamọ́ fi bọ́ adìyẹ tó ti dàgbà. Bí ẹ bá fẹ́ yá a rárá, kó jẹ́ ti adìyẹ tuntun tó ní oṣù tó pọ̀ níwájú.

Òròmọdìyẹ ẹlẹ́yin tí ẹ bá gbà lónìí kò ní yé kó tó pé ọ̀sẹ̀ 18 sí 20. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ náà síwájú lórí kàlẹ́ńdà kí ẹ mọ àkókò tí ẹyin àkọ́kọ́ yóò bọ́ sí, kí ẹ sì gba ìdajì iye tí ilé yín lè gbà. Ẹ gba ìdajì kejì ní oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn náà, sínú ilé tó yàtọ̀, kí ó lè jẹ́ pé nígbà tí àrùn mìíràn bá tún sé ọ̀nà, apá kan ni yóò máa yé tí apá kejì yóò sì ti tó tà.